Jules Verne: Ẹni tó kó ẹran abàmì inú òkun wọ ìwé àwọn ọmọ òyìnbó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan gbé ilẹ̀ Faransé láyé àtijọ́ tó jẹ́ pé orí àga ìkọ̀wé rẹ̀ ló jókòó sí tó fi rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, tó sì tún rí abuké erin pẹ̀lú. Orúkọ rẹ̀ ni Jules Verne. Ó ti lé ní 100 ọdún tó ti jáde láyé, síbẹ̀ àwọn ọmọdé ṣì ń ka ìwé rẹ̀ kárí ayé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣí ìwé aláwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan rí, ẹ ó ti bá àwòrán kan pàdé. Òmùwẹ̀ kan wà nísàlẹ̀ òkun, ó dé akoto bàbà, ó ń wá wúrà nínú ọkọ̀ tó ti rì. Lójijì, ọwọ́ gígùn kan tó dà bí òjòlá yọ láti inú òkùnkùn, ó wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí ó ṣe ń gé ọ̀kan ni òmíràn ń dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹran omi ọlọ́wọ́ mẹ́jọ ni, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní octopus, ṣùgbọ́n wọ́n ti ya tinú ìwé náà tóbi bí ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ tó bá kà á, bẹ́ẹ̀ ni yóò tún fi kọ́bọ̀ ọwọ́ rẹ̀ ra ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kì í ṣe Verne ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ẹran yìí, àmọ́ òun ló sọ ọ́ tí ayé fi gbọ́. Bí ayé rẹ̀ ṣe rí la fẹ́ sọ fún yín lónìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ju ti ẹran omi lọ.

ỌMỌ ÈBÚTÉ

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 1828 ni wọ́n bí Jules Verne ní ìlú Nantes, lẹ́bàá odò Loire. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀, Pierre Verne. Ìyá rẹ̀, Sophie, wá láti ìdílé àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, Jules sì ni àkọ́bí. Paul ló tẹ̀lé e, obìnrin sì ni àwọn mẹ́ta tó kù. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì fẹ́ràn ara wọn bí ìbejì, wọn a sì máa wo àwọn ọkọ̀ tó ń wọlé, tó ń jáde ní èbúté láràárọ̀.

Ó yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá mọ irú ìlú tí Nantes jẹ́. Nínú gbogbo èbúté ilẹ̀ Faransé, kò sí èyí tó rán ọkọ̀ ẹrú jáde tó o. Àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ń dé etíkun wa níhìn-ín, wọ́n sì ń kó èèyàn lọ láti Ouidah, ìlú tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Àárín ìlú náà ni erékùṣù kékeré tí wọ́n ń pè ní Feydeau wà, níbi tí wọ́n ti bí Verne. Owó òwò òkun ni àwọn olówó fi kọ́ ilé alájà síbẹ̀, owó ẹrú sì wà nínú rẹ̀. Títí di òní, àwọn orí tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri ilé wọ̀nyẹn ṣì wà níbẹ̀, ti àwọn adúláwọ̀ sì wà lára wọn. Ọmọ ogún ọdún ni Verne ní ọdún 1848, nígbà tí ìjọba Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí oko ẹrú ní àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ìtàn kan wà tí ìdílé rẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ. Nígbà tí Jules wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ó yọ́ wọ ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Íńdíà, nítorí pé ó fẹ́ lọ ra ìlẹ̀kẹ̀ iyùn wá fún ọmọ ìyá kan tó ń wù ú, Caroline. Bàbá rẹ̀ lé e bá kí ọkọ̀ náà tó bọ́ sójú agbami, ó nà án, ó sì mú un ṣèlérí pé inú àlá nìkan ni yóò ti máa rìnrìn àjò. Àwọn tó wádìí ìgbésí ayé rẹ̀ dáadáa kò fi bẹ́ẹ̀ gba ìtàn yìí gbọ́. Ṣùgbọ́n bóyá ó ṣẹlẹ̀ o, bóyá kò ṣẹlẹ̀ o, ó jọ ẹni tó ni ín.

LỌ́YÀ TÍ KÒ FẸ́ ṢE LỌ́YÀ

Bàbá Jules ti pinnu pé àkọ́bí òun ni yóò jogún iṣẹ́ lọ́yà lọ́wọ́ òun. Ó rán an lọ sí Paris láti kọ́ òfin. Jules kọ́ ọ lóòótọ́, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ní Paris, eré orí ìtàgé ló gbà á lọ́kàn. Ó di ojúlùmọ̀ Alexandre Dumas, òǹkọ̀wé ńlá tí ìyá bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹrú adúláwọ̀ ní erékùṣù Haiti. Ilé eré Dumas ni wọ́n ti ṣe eré àkọ́kọ́ tí Verne kọ, ní ọdún 1850.

Ní ọdún 1852, bàbá rẹ̀ fi iṣẹ́ lọ́yà náà lọ̀ ọ́, Jules sì kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò rọrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ mọ ohun tó jẹ́ kí ọmọ ẹni kọ ogún sílẹ̀ nítorí ohun tí kò tíì mówó wọlé. Bàbá náà kò lé e dànù, ó ṣì ń fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé eré kan ni Jules ń ṣe, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Inú tún máa ń run ún, ara rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ le.

Ní ọdún 1857, ó gbé opó kan tó ti bí ọmọbìnrin méjì níyàwó, Honorine. Ẹni tó bá ti gbéyàwó gbọ́dọ̀ wá oúnjẹ. Bàbá rẹ̀ ràn án lọ́wọ́, ó fi wọ iṣẹ́ alágbàtà ní ọjà tí wọ́n ti ń ra ìpín iléeṣẹ́, tí wọ́n sì ń tà á, ní Paris. Verne kò jẹ́ kí iṣẹ́ yìí pa kálàmù rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jí, nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, yóò kọ̀wé kó tó lọ sọ́jà. Ìwà yìí kò fi í sílẹ̀ títí tó fi darúgbó. Ní ọdún 1861, Honorine bí ọmọkùnrin kan fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Michel. Òun nìkan ni ọmọ tí Verne bí.

Ó FÒ KỌJÁ ILẸ̀ ADÚLÁWỌ̀ LÁÌFẸSẸ̀ KÀN ÁN

Ọlọ́run fi Verne pàdé ẹni tó máa gbé e ga. Ọkùnrin náà ni Pierre-Jules Hetzel, tó ń tẹ ìwé ní Paris. Verne gbé ìtàn kan tọ̀ ọ́ lọ nípa àwọn òyìnbó mẹ́ta tó wọ bàlúùnù ńlá tó kún fún afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì fi í fò kọjá ilẹ̀ Áfíríkà láti Zanzibar títí dé odò Senegal. Oṣù kìíní ọdún 1863 ni ìwé náà jáde, òkìkí Verne sì kàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú ìwé yẹn, bàlúùnù náà kọjá lórí adágún Chad àti ilẹ̀ Borno, tó wà nínú Nàìjíríà wa lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà tiẹ̀ bẹ́ sínú adágún Chad kí ẹrù lè fúyẹ́, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa kú. Verne kò rí Borno rí. Ìwé àwọn arìnrìn àjò bíi Barth àti Clapperton ló kà, ó fi orí rẹ̀ yà á. Ọ̀nà tó gbà ya ilẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n èyí tó gbà ya àwọn èèyàn wa kò dára. Ó kọ wọ́n bí ẹhànnà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn òyìnbó ìgbà náà. Òótọ́ kò ṣeé fi pamọ́.

Àmọ́ ṣá, ní ọdún 1878, ọmọ Nantes yìí kọ ìwé mìíràn tó yàtọ̀. Ìtàn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ni, Dick Sand, tó di ọ̀gá ọkọ̀ lẹ́yìn tí ẹja àbùùbùtán pa ọ̀gá ọkọ̀ wọn. Oníṣẹ́ ibi kan tó wà nínú ọkọ̀ náà fi irin ba atọ́ka ọ̀nà jẹ́, ni ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Angola, láàárín àwọn tó ń kó ẹrú. Àwọn adúláwọ̀ tó jẹ́ òmìnira láti Amẹ́ríkà wà nínú ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó ẹ̀wọ̀n sí wọn lọ́rùn. Nínú ìwé yìí, Verne bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú láìfi bò, ó sì fi ìyà tó wà nínú rẹ̀ han àwọn ọmọ tó ń kà á. Ìlú tó bí i ti fi òwò yẹn di ọlọ́rọ̀. Kò bá ìlú náà jà, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú láti má ṣe fi ìran tó ń bọ̀ sínú òkùnkùn.

ẸRAN ABÀMÌ DÉ

Hetzel dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1864, Verne sì di òpó tó gbé e ró. Ó kọ nípa ìrìn àjò lọ sí abẹ́ ilẹ̀, ó kọ nípa ti òṣùpá. Láti oṣù kẹta ọdún 1869 títí di oṣù kẹfà ọdún 1870 ni ìwé ìròyìn náà ń gbé ìtàn rẹ̀ tó lókìkí jù lọ jáde díẹ̀díẹ̀, èyí tó sọ nípa ọkọ̀ abẹ́ omi tó ń jẹ́ Nautilus àti ọ̀gá rẹ̀, Nemo. Ẹgbàáwàá ibùsọ̀ lábẹ́ òkun ni wọ́n rìn nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìtàn náà ń lọ sópin ni Nautilus dé ẹ̀bá àwọn erékùṣù Bahamas, ló bá dúró gbagidi. Àwọn ẹran ńlá inú òkun ti yí i ká. Ọ̀kan lára wọn gùn tó mítà mẹ́jọ, àgógó rẹ̀ dà bíi ti odídẹrẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kún fún ẹnu kéékèèké tó ń fà mọ́ nǹkan. Àgógó ọ̀kan ti há mọ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ. Ọta ìbọn kò ran ẹran wọn rírọ̀. Àwọn atukọ̀ bá gbé àáké, wọ́n gun orí ọkọ̀ lọ. Ẹran kan gbé atukọ̀ kan sókè láàárín wọn, ó tu omi dúdú bíi tàdáwà sí wọn lójú, nígbà tí ojú wọn yóò fi là, kò sí ẹran, kò sí atukọ̀. Ned Land, ọdẹ ẹja àbùùbùtán, ṣubú sábẹ́ àgógó òmíràn. Nemo fi àáké gbà á là, ó san gbèsè ọjọ́ tí Ned gbà á lọ́wọ́ ẹja ekurá. Lẹ́yìn ìjà náà, Nemo dúró, ó ń wo òkun tó gbé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Ibo ni Verne ti rí èyí? Ọ̀nà méjì ni. Àkọ́kọ́, ní oṣù kọkànlá ọdún 1861, ọkọ̀ ogun Faransé kan, Alecton, bá ẹran ńlá kan pàdé lójú òkun nítòsí erékùṣù Tenerife. Wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n ju ọ̀kọ̀ sí i, wọ́n fi okùn dè é, ṣùgbọ́n okùn gé ẹran náà sí méjì, ìrù rẹ̀ nìkan ló kù sí wọn lọ́wọ́. Èkejì, ní ọdún 1866, Victor Hugo gbé ìwé kan jáde nípa apẹja erékùṣù Guernsey tó bá ẹran ọlọ́wọ́ mẹ́jọ jà nínú ihò àpáta, Paris sì gbọ̀n. Verne dárúkọ méjèèjì nínú ìwé rẹ̀. Kò jí nǹkan oníǹkan kó, ó kàn mú un tóbi sí i.

BÓ ṢE WỌ ÌWÉ ÀWỌN ỌMỌ GẸ̀Ẹ́SÌ

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lewis Page Mercier, ló kọ́kọ́ túmọ̀ ìwé Nautilus sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní nǹkan bí ọdún 1872. Ó yọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin ìwé náà kúrò, ó sì ṣi ọ̀pọ̀ ìṣirò túmọ̀. Èyí ló mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọjọ́ pípẹ́ rò pé òǹkọ̀wé ọmọdé lásán ni Verne. Ṣùgbọ́n Mercier kò gé ìjà ẹran abàmì kúrò.

Ní oṣù kìíní ọdún 1879, ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan ní London dá ìwé ìròyìn Boy's Own Paper sílẹ̀. Owó rẹ̀ kò ju pẹ́ńnì kan lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí àwọn ọmọkùnrin rí ìtàn tó ń mú ara yá gágá kà, kí wọ́n lè jáwọ́ nínú àwọn ìwé ìpànìyàn olówó pọ́ọ́kú tó gbòde. Ìtàn Verne wà lára ohun tí wọ́n ń gbé jáde níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí eéṣú. Láti ọdún 1921 ni iléeṣẹ́ D.C. Thomson ti ìlú Dundee ti ń tẹ Adventure, Rover, Wizard, Skipper àti Hotspur jáde. Ní ọdún 1950 ni Eagle dé, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ló sì tún dá a sílẹ̀, Marcus Morris. Lion tẹ̀lé e ní 1952, Valiant ní 1962. Àwòrán ló wá gba ipò ọ̀rọ̀, ẹran ọlọ́wọ́ mẹ́jọ sì rí ibi jókòó sí. Ọwọ́ rẹ̀ gùn tó láti ká gbogbo ojú ewé, kò sì sí ọmọ tó nílò àlàyé kó tó mọ̀ pé ewu dé.

Fíìmù náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1954, iléeṣẹ́ Disney ní Amẹ́ríkà gbé ìtàn Nautilus sójú amóhùnmáwòrán ńlá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ya ìjà ẹran náà, ojú omi pa rọ́rọ́, wáyà tó ń gbé ọwọ́ ẹran náà sì hàn. Wọ́n dà á nù, wọ́n tún un yà nínú ìjì àti òkùnkùn, ìyẹn ló dẹ́rù ba ayé.

Kí òótọ́ má bàa sọnù, ẹran ọlọ́wọ́ mẹ́jọ gidi kì í jẹ èèyàn. Ojú ló ń tì í, ihò àpáta ló ń gbé, akàn àti ìgbín òkun sì ni oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó tóbi bí ti inú ìtàn ni ìbátan rẹ̀ ọlọ́wọ́ mẹ́wàá tó ń gbé inú ibú, tó lè gùn ju mítà mẹ́wàá lọ. Verne pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ṣẹ̀ṣẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ láàyè nínú ibú òkun fún ìgbà àkọ́kọ́, nísàlẹ̀ tó jìn ní nǹkan bí 900 mítà. Ìyẹn jẹ́ 135 ọdún lẹ́yìn tí ìtàn Nautilus bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

ỌMỌ ẸLÒMÍRÀN GBỌ́, ỌMỌ RẸ̀ KÒ GBỌ́

Ọlá dé. Verne kó lọ sí Amiens, ìlú ìyàwó rẹ̀, ní ọdún 1871. Ìtàn yíyí ayé po láàárín ọgọ́rin ọjọ́ tó kọ ní ọdún 1872 sọ ọ́ di olówó, pàápàá nígbà tó di eré orí ìtàgé. Ó ra ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tẹ̀léra, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sọ gbogbo wọn: Saint-Michel. Ó fi wọ́n lọ títí dé Scotland, Algeria àti Ítálì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Michel fúnra rẹ̀ kò rọrùn bíi ti ọkọ̀. Láàárọ̀ tí bàbá bá ń kọ̀wé fún ọmọ aráyé, ilé gbọ́dọ̀ pa rọ́rọ́, ọmọ kò gbọdọ̀ pariwo. Michel dàgbà di olórí kunkun, ó ń ná ìná àpà, ó ń jẹ gbèsè. Ní ọdún 1876, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bàbá rẹ̀ fi í sí Mettray, ilé ìbáwí fún àwọn ọmọ aláìgbọràn. Kò gbọ́. Ní ọdún 1878, bàbá fi tipátipá fi í sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Íńdíà. Ẹ ò rí ayé? Ìrìn àjò Íńdíà tí wọ́n ní Jules fẹ́ fi ayọ̀ sá lọ nígbà èwe, òun náà ló fi jẹ ọmọ rẹ̀ níyà. Ọdún yẹn gan-an ló sì gbé ìwé Dick Sand jáde, ìtàn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gbọ́n, tó gbọ́ràn, tó lè darí ọkọ̀. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ tó yàgò yóò mọ ohun tó wà nínú ọkàn bàbá náà bó ṣe ń kọ ọ́.

Michel padà, ó fẹ́ òṣèré kan láìka ọ̀rọ̀ bàbá sí. Kò pẹ́ tó tún fi ìyẹn sílẹ̀, ó gbé ọmọdébìnrin mìíràn lọ. Bàbá bínú, síbẹ̀ ó ń san gbèsè.

ÌBỌN MÉJÌ NÍ ẸNU ỌNÀ

Ọdún 1886 ni ọdún ibi fún Jules Verne. Ó ta ọkọ̀ Saint-Michel tó kù sí i lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, bó ṣe ń padà bọ̀ wá sílé ní ìrọ̀lẹ́, Gaston, ọmọ Paul àbúrò rẹ̀, dúró dè é, ó sì yìnbọn fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó fẹ́ràn ni, ṣùgbọ́n àrùn ọpọlọ ti mú un. Ọta ìbọn kan wọlé sí i lẹ́sẹ̀ òsì, àwọn dókítà kò sì rí i yọ. Àtìgbà náà ni ọkùnrin tó ń gbé aráyé kiri òkun ti ń tiro. Wọ́n gbé Gaston lọ sí ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ, ibẹ̀ ló sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ lẹ́yìn ìbọn náà tí Hetzel kú. Ìyá Verne tẹ̀lé e ní ọdún 1887.

Kò jókòó kó máa sunkún. Ní ọdún 1888, àwọn ará Amiens dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì sin wọn níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé eré, ó sì jà kí ìlú kọ́ ilé tí àwọn onísáfẹ́ẹ̀sì yóò ti máa ṣeré. Ìwé rẹ̀ ṣú dùdù díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa àwọn tó ń fi ìmọ̀ ṣe ibi.

Àkókò yìí náà ni òun àti Michel bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Michel ti di bàbá ọmọ, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó sì ti ń kọ̀wé. Ní ọdún 1889, ìtàn kan jáde ní Amẹ́ríkà lórúkọ Jules Verne nípa bí ayé yóò ṣe rí ní ẹgbẹ̀rún ọdún síwájú. Michel ló kọ ọ́ ní ti gidi, bàbá rẹ̀ sì yá a ní orúkọ. Kò sí ẹ̀bùn tí bàbá òǹkọ̀wé lè fún ọmọ tó ju ìyẹn lọ.

OHUN TÓ FI SÍLẸ̀

Àtọ̀gbẹ ló pa Jules Verne ní Amiens, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ọdún 1905, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Honorine àti Michel wà níbẹ̀. Ìwé ìtàn tó lé ní 50 ló ti tẹ̀ jáde, òmíràn sì wà nínú àpótí. Michel ló jókòó ti àwọn tó kù, ó ń tẹ̀ wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tún ibi tó rò pé ó yẹ ṣe. Ó tún un ṣe kọjá ààlà, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí rí ìwé àfọwọ́kọ, tí wọ́n sì mọ ibi tí ọwọ́ bàbá parí sí àti ibi tí ti ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan bínú sí Michel. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ọmọ tí wọ́n fi tipátipá kó sínú ọkọ̀ ló wá di ẹni tó ń tu ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lọ sí èbúté. Pierre Verne kò rí ọmọ tó máa jogún iṣẹ́ rẹ̀, Jules rí i.

Òkúta kan wà lórí ibojì rẹ̀ ní Amiens. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí ọkùnrin tó ń fi ejìká ta òkúta ibojì sókè, tó na ọwọ́ sí ojú ọ̀run. Amẹ́ríkà náà ní Nautilus tirẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ omi àkọ́kọ́ tó ń lo agbára átọ́ọ̀mù, Nautilus ni wọ́n sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1958, ó gba abẹ́ yìnyín kọjá ní orí ayé níhà àríwá.

Boy's Own Paper kógbá wọlé ní ọdún 1967, Lion kú ní 1974, Valiant ní 1976. Ẹran ọlọ́wọ́ mẹ́jọ kò bá wọn kú. Níbi tí ọmọdé bá ti ń ya òkun, yóò ya ọwọ́ gígùn sínú rẹ̀. Ẹ̀rù tí Verne dá sílẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni, ó kàn jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé òkun jìn, pé ayé tóbi, àti pé ẹni tó bá di àáké rẹ̀ mú tí kò fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lè padà wálé.

Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ yín bá kọ ogún tí ẹ fẹ́ fún un, ẹ má ṣe yára gégùn-ún. Bí èyí tó yàgò bá sì padà wálé lálẹ́, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bóyá òun gan-an ni yóò dá orúkọ yín dúró lẹ́yìn ọ̀la.